Nígbà tí a Ya Aláìsàn Sọ́tọ̀: Ìtàn Àwọn Ọmọ Ìbílẹ̀ Kánádà

Ọdún jubilé jẹ́ ọdún ọpẹ́, ó sì jẹ́ ọdún ìrántí. Ẹni tí ó ń rántí oore nìkan, tí kò rántí àṣìṣe, ìdajì ìtàn ni ó ń sọ. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn kan wá láti ilẹ̀ Kánádà, èyí tí ó kan ìtọ́jú aláìsàn, tí ó sì kan Ìjọ Mímọ́ wa pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ni ilẹ̀ náà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ wọn, tí ó sì kó wọn sí àyè tóóró, ebi àti ilé tí kò dára mú kí ikọ́-fée máa pa wọ́n. Ìjọba tún kó àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé tí wọn yóò máa gbé. Àwọn Ìjọ Kristẹni ni ó ń darí àwọn ilé-ìwé náà, púpọ̀ nínú wọn sì wà lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì. Ní 1907, dókítà ìjọba kan, Peter Bryce, wádìí ọ̀ràn náà. Nínú àwọn ilé-ìwé tí ó fún un lésì, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti kú. Ó ké gbàjarè. Wọn kò kọbi ara sí i. Ní 1922 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, ó sì pe ọ̀ràn náà ní ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ilé ìwòsàn ìlú púpọ̀ kì í gba ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi wọ́n sí yàrá abẹ́ ilé. Nígbà tí ẹ̀rù wá ń ba àwọn aláwọ̀ funfun pé ikọ́ náà yóò ràn wọ́n, ìjọba dá ilé ìwòsàn ọ̀tọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣí ti Fort Qu'Appelle ní 1936. Ní 1946 wọ́n ṣí ti Charles Camsell ní Edmonton, nínú ilé tí ó ti jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Jésúìtì rí. Owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n ń ná lórí àwọn aláìsàn mìíràn. Láti 1953, òfin sọ pé a lè mú ọmọ ìbílẹ̀ tí ó bá kọ ìtọ́jú, tàbí tí ó bá kúrò ní ilé ìwòsàn láìgbàṣẹ.

Ní àríwá, níbi tí yìnyín pọ̀ sí, ọkọ̀ ojú omi C. D. Howe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Ó ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú àyà. Ẹni tí wọ́n bá rí ikọ́-fée lára rẹ̀ kì í sábà sọ̀kalẹ̀ mọ́ láti dágbére fún ìyá tàbí ọmọ. Nígbà tí ó fi di 1956, ẹnì kan nínú méje àwọn Inuit wà ní ilé ìwòsàn ní gúúsù.

Ìjọba sì ti fún wọn ní àmì tí a kọ nọ́ńbà sí, láti fi dá wọn mọ̀. Àwa Yorùbá a máa wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí a fi nọ́ńbà pè, ta ni yóò mọ ilé rẹ̀? Ọ̀pọ̀ kú sí ọ̀nà jíjìn, ẹbí wọn kò sì mọ ibi tí a sin wọ́n sí.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó rí ìwòsàn, tàbí pé kò sí nọ́ọ̀sì onínúure. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó kọ́ ilé náà, kì í ṣe ìfẹ́. Ní oṣù Kẹta 2019, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, Justin Trudeau, tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ àwọn Inuit ní Iqaluit. Iṣẹ́ kan tí à ń pè ní Nanilavut, ìyẹn “ẹ jẹ́ kí a wá wọn rí”, sì ń ran àwọn ẹbí lọ́wọ́ láti rí ibojì àwọn ènìyàn wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 2022, Pópù Francis, kí Olúwa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, tọrọ àforíjìn ní Maskwacis fún ibi tí ọ̀pọ̀ Kristẹni ṣe sí àwọn ọmọ ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, Olúwa wí pé, nígbà tí òun ṣàìsàn, a bẹ òun wò. Kò sọ irú àwọ̀ tí ó wà lára aláìsàn náà. Bí a ti ń ṣe jubilé yìí, kí a bèèrè orúkọ gbogbo aláìsàn tí ó wà láàárín wa, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú láìní ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀.