Fífi Iṣẹ́ Tuntun Kún Kọ̀ǹpáílà: Ohun Tí Ìwọ̀n Ilẹ̀ Etíkun Ugbò Kọ́ Wa

Ìfáárà

Òkun ń jẹ ilẹ̀ ní agbègbè Òde Ugbò. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, omi ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ tó lọ ti tó lè lo àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2, tí píksẹ́lì rẹ̀ tó kéré jù lọ kó mítà 10 ní ìbú àti mítà 10 ní òró. Kí ó fi bíìtì kan ṣojú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, 1 fún ilẹ̀, 0 fún omi. Bíìtì tó jẹ́ 1 nínú àwòrán àtijọ́, tó wá di 0 nínú tuntun, ni ilẹ̀ tí òkun gbé. Tí a bá ti ṣa àwọn wọ̀nyí jọ sínú nọ́ńbà oníbíìtì 64, ó ku kí a ka iye 1 tó wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Kíkà yìí ni mo fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ tuntun kún kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń tú kóòdù sí àṣẹ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, intrinsic (ìpè iṣẹ́ tí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀) ni kó kọ́kọ́ lò, kó sì rí i pé intrinsic náà lè ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò ní àṣẹ tirẹ̀ fún un.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò dọ́gba

Intel fi àṣẹ POPCNT, tó ń ka bíìtì lẹ́ẹ̀kan náà, sínú Nehalem ní 2008. Ọpọlọ Intel tó ṣáájú rẹ̀ kò ní in. Ọpọlọ ARM oníbíìtì 64 tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù ní CNT, ṣùgbọ́n báìtì kọ̀ọ̀kan ni í kà lọ́tọ̀. Àṣẹ mìíràn ni yóò ro wọ́n pọ̀. Ní ti ọpọlọ RISC-V, 2021 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àfikún tó ní cpop. Ètò kan náà ni kò gbọ́dọ̀ já ìkankan nínú wọn kulẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn nínú LLVM

Nínú LLVM, àkójọ irinṣẹ́ fún kíkọ́ kọ̀ǹpáílà tí Chris Lattner bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 2000, llvm.ctpop ni orúkọ intrinsic náà. Inú fáìlì Intrinsics.td ni a ti kéde rẹ̀. Níbẹ̀ la ti ń sọ ìwà rẹ̀: pé kì í ka mẹ́mọ́rì, kì í sì í kọ nǹkan sí i. Bí a bá gbàgbé ìlà kékeré yìí, kọ̀ǹpáílà yóò gbà pé iṣẹ́ náà lè yí ohunkóhun padà nínú mẹ́mọ́rì, kò sì ní í lè yọ ọ́ kúrò nínú loop (apá kóòdù tó ń ṣe àtúnṣe léraléra) kódà nígbà tí èsì rẹ̀ kì í yí padà.

Lẹ́yìn èyí, a ó sọ intrinsic náà di ISD::CTPOP, àmì iṣẹ́ kan náà, nígbà tí kọ̀ǹpáílà bá ń yan àṣẹ. Ibẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ti ń dáhùn fún ara rẹ̀. Èyí tó ní àṣẹ yóò dáhùn pé Legal, ìyẹn ni pé kí a lo àṣẹ rẹ̀; èyí tí kò ní yóò dáhùn pé Expand, ìyẹn ni pé kí a fi àwọn àṣẹ mìíràn tó ní ṣe é. Expand ni ó gba tálákà là: ó ka bíìtì ní méjì-méjì, ó ro wọ́n di mẹ́rin-mẹ́rin, ó tún ro wọ́n di báìtì, ó wá fi ìsọdipúpọ̀ kan àti ìtìsọ́tùn-ún ibi 56 kó àròpọ̀ gbogbo báìtì jáde. Ó gba àṣẹ púpọ̀ ju POPCNT lọ, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Àwọn kan yóò ní kí a kọ àṣẹ ọpọlọ kọ̀ǹpútà sínú ètò wa tààrà. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpáílà kò mọ ìtumọ̀ ohun tí a kọ. Bí a bá fún llvm.ctpop ní 255, kọ̀ǹpáílà yóò fi 8 rọ́pò rẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àṣẹ tí a kọ tààrà kò fún un láyè bẹ́ẹ̀, kò sì ní í ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà mìíràn.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi àṣẹ tuntun kún èdè àárín LLVM fúnra rẹ̀. Ẹrù tó wà níbẹ̀ pọ̀: a ó tún bitcode, ìrísí tí a fi ń pa èdè àárín náà mọ́ sínú fáìlì, ṣe, a ó sì kọ́ gbogbo apá tó ń tún kóòdù ṣe ní ohun tí àṣẹ náà jẹ́. Àwọn apá wọ̀nyí ti mọ bí a ṣe ń bá intrinsic lò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìpè iṣẹ́ lásán ló jọ lójú wọn. Àṣẹ tuntun tọ́ nígbà tí iṣẹ́ náà bá kọjá ohun tí ìpè lè ṣàlàyé. Kíkà bíìtì kò kọjá bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìlànà tí mo fara mọ́ ni pé kí a kọ Expand ṣáájú, kí a dán an wò dáadáa, kí a tó kọ Legal fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà kankan. Ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ etíkun yìí, bíi Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù ní Òkìtìpupa, fi í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn tí ilẹ̀ wọn ń lọ ló ní ẹ̀tọ́ jù láti wọ̀n ọ́n, irinṣẹ́ tó bá sì wà lọ́wọ́ wọn ni ó yẹ kí kọ̀ǹpáílà ṣiṣẹ́ fún.