Àlàfo Fáàfù: Ipa Àwọn Mẹkáníìkì Nínú Ìtàn Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Àtijọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ìtọ́jú ọkọ̀ akẹ́rù mu. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ Mercedes-Benz 911 tó fi ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún rìn lójú títì ilẹ̀ wa, irin Jámánì ni wọ́n sábà máa ń yìn. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìyìn náà kù díẹ̀ káàtó. Bí ó ti wù kí irin dára tó, àlàfo kan tí kò nípọn tó èékánná ọwọ́ wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́. Ọwọ́ mẹkáníìkì ni ìtọ́jú àlàfo náà sì wà.

Bí Ẹ́ńjìnnì Náà Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní ọdún 1892 ni Rudolf Diesel kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ẹ́ńjìnnì tí ó fi ọpọlọ rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ọdún 1897 ni èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní ìlú Augsburg. Ẹ́ńjìnnì yìí kò nílò pulọ́ọ̀gì. Ńṣe ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé epo tí a bá fọ́n sínú rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ó tóbi, ó sì wúwo, nítorí náà ó di 1923 àti 1924 kí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Benz àti MAN tó gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ní 1964, ilé iṣẹ́ Daimler-Benz gbé ẹ́ńjìnnì OM 352 jáde. Sílíńdà 6 àti fáàfù 12 ni ó ní, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó lítà 5.7. Òun ló wà nínú ọkọ̀ 911 tó wọ Nàìjíríà lọ́pọ̀ yanturu nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé ní àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí bọ́lẹ́kájà Bedford ti lo ìgbà tirẹ̀.

Ariwo àti Ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní fáàfù méjì: ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń tú èéfín jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan yóò ṣí, yóò sì padé ní ìgbà 1,000. Irin a sì máa gùn sí i bí ó bá gbóná. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí àlàfo wà láàrin fáàfù àti rọ́kà tó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: 0.20 mílímítà fún fáàfù afẹ́fẹ́, 0.30 mílímítà fún ti èéfín, nítorí pé òun ló ń gbóná jù.

Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, yóò máa dún ko-ko-ko, awakọ̀ yóò gbọ́, yóò sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí fáàfù bá ń jẹ ìjókòó rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, ńṣe ni àlàfo ń dín kù, tí ariwo náà sì ń dín kù. Bí àlàfo bá tán, fáàfù kò ní lè padé dáadáa mọ́. Ìgbà tí fáàfù bá jókòó ni ó ń rí ibi tú ooru rẹ̀ sí. Èyí tí kò jókòó yóò jóná létí. Ọkọ̀ yóò wá máa ṣòro ta láàárọ̀, kò sì ní lágbára lórí òkè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ lè wà nínú ewu ju èyí tó ń pariwo lọ. Etí nìkan kò tó. Àfi kí a wọ̀n ọ́n.

Ọgbọ́n Inú Ìkọ́ṣẹ́

Wíwọ̀n yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní títún tápẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ há 1-5-3-6-2-4 sórí, ìyẹn bí iná ṣe ń ràn láti sílíńdà kan dé òmíràn. Yóò tún mọ̀ pé 1 àti 6, 5 àti 2, 3 àti 4 jẹ́ méjì-méjì. Nígbà tí fáàfù èéfín sílíńdà 6 bá ń padé lọ́wọ́ tí ti afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń ṣí, fáàfù méjèèjì ti sílíńdà 1 ti padé pátápátá, òun ni a ó wọ̀n. Yóò ki irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní fíìlà bọ àlàfo náà. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ yọ̀ bọ̀rọ́. Bí ó bá ti dé nọ́ọ̀tì pa, yóò tún un wọ̀n, nítorí dídé nọ́ọ̀tì lè yí ìwọ̀n padà.

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, owó fáàfù tuntun gara. Níbi tí a kò bá ti lè ra tuntun, ọgbọ́n àtijọ́ ni à ń lò: a ó fi ọṣẹ ìlọfáàfù lọ ojú fáàfù mọ́ ìjókòó rẹ̀, a ó da kẹrosíìnì sí i, a ó sì wò ó bóyá ó ń jò.

Ìgúnlẹ̀

Títí di òní, a ṣì ń rí 911 tó ń ru iyanrìn àti gẹdú, ṣùgbọ́n iye wọn ń dín kù, àwọn ọ̀gá tó mọ̀ wọ́n dunjú sì ń darúgbó. Ẹnu àti ọwọ́ ni ìmọ̀ yìí gbà délẹ̀ wa láàrin àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀ ní èdè Yorùbá. A dábàá pé kí ẹ̀ka èdè Yorùbá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pawọ́ pọ̀ láti gba ohùn àwọn àgbà wọ̀nyí sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn yóò yin irin, yóò sì gbàgbé ọwọ́ tó tọ́jú rẹ̀.