William Bascom: Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Kúbà

Lọ́dún 1938, àwọn tó ń walẹ̀ láti fi kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, kan àwọn orí idẹ tí iṣẹ́ ọnà ara wọn ya ayé lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà nílùú náà nígbà yẹn, tó ń bi àwọn àgbà léèrè nípa ẹbí, ẹgbẹ́ àti òrìṣà. William Russell Bascom ni orúkọ rẹ̀. Ó ra méjì nínú àwọn orí náà, ó sì kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1950, méjèèjì padà sí Nàìjíríà. Òmíràn tí ẹlòmíràn rà ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀n títí di òní.

Ìlú Princeton ní ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n bí Bascom sí lọ́dún 1912. Físíìsì ló kọ́kọ́ kà ní Yunifásítì Wisconsin kó tó yà sí ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìgbé ayé ọmọ ènìyàn. Ó wá di akẹ́kọ̀ọ́ Melville Herskovits ní Yunifásítì Northwestern. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ Amẹ́ríkà ló ń sọ pé oko ẹrú ti pa àṣà Áfíríkà rẹ́ pátápátá lára àwọn ènìyàn dúdú. Herskovits kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé àṣà kan kò kú sí òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí nílé. Bascom wá sí Ifẹ̀ ní 1937, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1939, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà ní Northwestern.

Ní 1939 yìí kan náà, ọmọ Yorùbá kan, Nathaniel Fádípẹ̀, parí iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n. Fádípẹ̀ kú ní 1944. Ọdún 1970 ni ìwé rẹ̀ tó jáde ní Ìbàdàn. Ó dun ni pé ohùn ọmọ ilé pẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó dé etí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ Bascom wúlò fún wa ni pé ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìbílẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ wọn ní èdè wọn. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá, Ifa Divination, tó jáde ní 1969, ẹsẹ Ifá wà níbẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣàlàyé ikin, ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ọpọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó wú u lórí jù ni ìbáṣepọ̀ babaláwo àti ẹni tó wá dá Ifá. Ẹni tó wá dá Ifá kì í kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé e wá. Babaláwo á máa ki ẹsẹ Odù tó yọ, ẹni tó wá béèrè ni yóò sì mọ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Àkíyèsí yìí tú àṣírí ìdí tí Ifá fi ń bá onírúurú ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ó tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Ọ̀yọ́. Ní 1951, ó gba ohùn Sàlàkọ́, olùsìn Ọbàtálá tó mọ ẹ̀rìndínlógún, ìyẹn owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò, dunjú, sílẹ̀. Ọdún 1980 ni ìwé náà, Sixteen Cowries, jáde. Orúkọ Sàlàkọ́ hàn gbangba níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà ní Yorùbá.

Kó tó gba ohùn Sàlàkọ́ sílẹ̀, Bascom ti dé Kúbà ní 1948; ọmọ ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Berta Montero. Ó bá àwọn olórìṣà tó ń da owó ẹyọ, tí wọ́n sì ń pe àwọn Odù bíi Ọ̀kànràn, Èjì Òkò, Ògúndá àti Ìrosùn bí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Ọ̀yọ́, àfi ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú ohùn. Ta ló tún fẹ́ sọ pé àṣà náà kú?

Kì í ṣe òrìṣà nìkan ló gbájú mọ́. Ní 1952, ó kọ àpilẹ̀kọ lórí èsúsú, ètò owó tí àwọn ọmọ wa gbé dé Trinidad, tí wọ́n ń pè ní susu níbẹ̀. Ní 1955, ó jiyàn pé ìlú ńlá ni àwọn ìlú Yorùbá kí òyìnbó tó dé, bí àgbẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Láti 1957, ó ń darí ilé ìṣúra àṣà ní Yunifásítì California ní Berkeley fún ọdún méjìlélógún. Ó kú ní 1981.

A kò gbọdọ̀ gba gbogbo èdè ìperí rẹ̀ wọlé. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ wa ní ẹgbẹ́ òkùnkùn nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀, orúkọ tó ń ba ohun tó ń tọ́ka sí jẹ́. Bákan náà, Wándé Abímbọ́lá, tí ó kọ́ Ifá láti ilé, tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, ó sì fi hàn bí ewì inú Ifá ṣe jinlẹ̀ tó lọ́nà tí Bascom kò lè dé.

Síbẹ̀, Sàlàkọ́ àti àwọn babaláwo Ifẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé Bascom títí di òní. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní yunifásítì wa, ẹ jẹ́ kí apá Yorùbá nínú Ifa Divination àti Sixteen Cowries wọ kíláàsì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kà á sókè.