Owó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà: Ta ló ń rí i gbà, ta ni kò rí i gbà?

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Nàìjíríà ni kò ní gba owó ìfẹ̀yìntì kankan títí wọn yóò fi papò dà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jí owó wọn kó. Òfin tó dá ètò náà sílẹ̀ ni kò kà wọ́n mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣáájú ọdún 2004, inú àpò ìjọba ni owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì ti ń jáde. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í dá nǹkan kan. Bí ìjọba kò bá rówó san, gbèsè á máa gorí gbèsè, àwọn arúgbó á sì máa tò sórí ìlà nínú oòrùn fún àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ṣì wà láàyè.

Báwo ni ètò tuntun náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, Ààrẹ Olusegun Obasanjo buwọ́ lu òfin tó fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò ìfowópamọ́ tirẹ̀. Lábẹ́ àtúnṣe ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá náírà 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi 10 kún un, ó sì gbọ́dọ̀ san án láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tó san owó oṣù. Ilé iṣẹ́ kan ń fi owó náà ṣòwò, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú rẹ̀, àjọ PenCom sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tó dára jù nínú òfin náà nìyí: ọwọ́ tó ń ṣòwò kọ́ ló di owó mú.

Àmọ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣáájú ọdún 2004 ní gbèsè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dúró fún ọdún púpọ̀. Oṣù Kejì ọdún 2025 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí yíyá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san án. Òfin tún ṣèlérí iye kan tí owó ìfẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ kéré sí. Títí di ọdún 2024, kò sí ẹni tó tíì rí kọ́bọ̀ gbà nínú ìlérí yẹn.

Àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà ńkọ́?

Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin mú ní dandan. Àgbẹ̀, télọ̀, mẹkáníìkì àti ìyá ọlọ́jà kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù láwùjọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ètò kan fún irú wọn, níbi tí oníkálukú ti lè máa fi ìwọ̀nba owó pamọ́ bó bá ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí èrè ọjà òní kò tó jẹun, kí ni yóò rí fi pamọ́ de ogún ọdún sí i? Ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọmọ náà sì lè máà tíì ríṣẹ́.

Lesotho, orílẹ̀-èdè kékeré tí South Africa yí ká, gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2004 kan náà ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà tó ti pé ẹni 70 ọdún ní owó lóṣooṣù látinú àpò ìjọba, láìbéèrè bóyá wọ́n dá owó rí. Nílé níbí, Ìpínlẹ̀ Èkìtì gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 2011, nígbà tí Gómìnà Kayode Fayemi bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn arúgbó aláìní tó ti lé ní ẹni 65 ọdún. Ètò náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní ọdún 2014.