Omi Orí Àpáta Adó

Ní Orígbó tiwa, a kò ní àpáta bí ti Adó. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, inú igbó àti abà oko ni àwọn èèyàn wa ní Ẹdúnàbọ̀n àti àyíká rẹ̀ ń sá wọ̀. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kì í sọ ìtàn ogun kó má dárúkọ omi. Ó ní ẹni tó sá pamọ́ lè fi iṣu ìgbẹ́ àti ewé tẹ́nu, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, òǹgbẹ á lé e jáde lọ sódò, etí odò náà gan-an sì ni àwọn akónilẹ́rú ń ba sí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sọ́kàn lọ sí Adó-Àwáyè, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, láti wo adágún Ìyàkẹ tó wà lórí àpáta ibẹ̀.

Àwọn tó ń polówó Ìyàkẹ kì í pẹ́ kí wọ́n tó sọ fún yín pé méjì péré ni irú rẹ̀ láyé, ọ̀kan ní Adó, èkejì ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Èmi ò gbà. Adágún orí òkè pọ̀ káàkiri ayé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake ní Colorado, tí ìjọba Amẹ́ríkà kà mọ́ àwọn ohun àdáyébá pàtàkì ilẹ̀ wọn ní 2011, omi tó ń já láti òkè ló ń bọ́ ọ, ẹfun tí omi náà ń gbé wá ló sì dì, tó mọ odi fún un. Ti Adó yàtọ̀. Orí àpáta líle ló wà. Oòrùn àti òjò ti jẹ àpáta náà níhò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, omi òjò ń rọ́ wọnú ihò ọ̀hún, àpáta kò sì là kó gbé e mì. Ká tilẹ̀ ní méjì péré ni lóòótọ́, kí ni ìyẹn fẹ́ sọ fún wa nípa àwọn tó gbé ẹ̀bá omi náà?

Lẹ́nu àwọn ará ìlú, Koyí, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́, ló tẹ Adó dó, orí òkè ló sì dó sí. Àwọn tó gbọ́n bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá rọ̀ mọ́ àpáta Olúmọ nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1830. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè tí a ń gun àkàsọ̀ 667 lọ bá lónìí. Òkèhò náà ti wà lórí òkè tirẹ̀ rí. Ní apá ibi tí Adó wà, ìdí pọ̀ tí wọn kò fi ní fẹ́ sùn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ogun Dáhómì ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn: ó kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, ó tún padà wá ní 1864; kò rí i kó, ṣùgbọ́n ní 1886 ó kó Kétu, ó sì dáná sun ún. Láàárín ìgbà yẹn kan náà, Ìbàdàn àti Ìjàyè fi ìjà wọn da ilẹ̀ náà rú láti 1860 títí Ìjàyè fi fọ́ ní 1862.

Ẹni tó wà lókè á tètè rí ọ̀tá. Ẹṣin kò lè gun àpáta. Àmọ́ kò dìgbà tí ọ̀tá bá gun òkè kó tó ṣẹ́gun. Bó bá jókòó sí ẹsẹ̀ òkè, tó dí ọ̀nà odò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òkè tí kò lómi, pańpẹ́ ni. Adó lómi lókè, ìyẹn ló jẹ́ kí òkè náà di ìlú.

Nígbà tí èmi àti àwọn tí a jọ lọ dé Adó, ààfin ni a ti kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ, wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣamọ̀nà wa. Wọ́n ní àkàsọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe jẹ́ 369. Ẹni kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kò pẹ́ tí mímí fi gba kíkà lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kò tilẹ̀ dán an wò.

Lókè, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi Ìṣàgẹ̀ hàn wá, òkúta ńlá tó dá dúró lórí àpáta bí ẹni pé atẹ́gùn lè tì í ṣubú. Wọ́n ní bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń ró fún un. Ó fi Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà hàn wá, ihò tó rí bí ojú ẹsẹ̀ èèyàn lára òkúta. Ó fi ibi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláró hàn wá. Ibẹ̀ ni mo ti dúró pẹ́ jù. Bí obìnrin kan bá ń rẹ aṣọ lórí òkè, a jẹ́ pé omi tó pọ̀ ju ti mímu àti ti ọbẹ̀ lọ wà níbẹ̀. Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ kì í po aró.

Ìyàkẹ fúnra rẹ̀ kò tóbi tó bí mo ṣe rò. Koríko gba etí rẹ̀ kan, omi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó tún ń ṣe bíi ewé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ojú rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní obìnrin ni Ìyàkẹ, ọmú rẹ̀ gùn, ìsàlẹ̀ omi ló ń gbé, òun ló ń fún àgàn lọ́mọ. Wọ́n ní adágún náà kì í gbẹ, kò sì nísàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn òyìnbó kan wá wọn jíjìn rẹ̀, wọ́n wọlé, wọn ò jáde. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé lọ́dún wo, kí sì lorúkọ wọn?

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ó ń rẹ́rìn-ín, “bí wọ́n ṣe sọ fún wa la ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ etí omi yẹn o.”

Ìtòsí rẹ̀ ni Agbómọfúnyàkẹ wà, ihò olómi tí orúkọ rẹ̀ tó láti lé ọmọdé sẹ́yìn. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá jìn sínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyàkẹ ló bá ara rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń ronú bí ẹni tó ti kọ́ ọmọ ní ìtàn fún ìgbà pípẹ́. Ìlú tó gbára lé omi orí òkè, tí ogun sì wà nísàlẹ̀, kò ní jẹ́ kí ọmọ máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kò ní jẹ́ kí àlejò máa fi igi ro ó láti mọ ibi tó jìn dé. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru? Mo gbà pé ìyá tó gbé ìsàlẹ̀ omi ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà dáadáa. Àwọn ará Adó lè má fẹ́ràn kí n sọ ọ́ báyìí, nítorí lójú tiwọn, Ìyàkẹ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló ni omi, ìlú ló bẹ̀ ẹ́ kó tó mu.

Nígbẹ̀yìn, ogun tó lé wọn gòkè parí. Faransé wọ Àgbómẹ̀, olú ìlú Dáhómì, ní 1892, ọba Béhanzin sì juwọ́ sílẹ̀ fún wọn ní 1894. Ogun Kírìjì tí Ìbàdàn náà ń jà tú ká pátápátá ní 1893. Kò sí ẹni tí a ń sá fún mọ́, oko sì wà nísàlẹ̀, ọjà wà nísàlẹ̀, ọ̀nà mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la kò ní gun òkè. Ẹsẹ̀ òkè ni ìlú wà báyìí. Àwọn tó ń gòkè báyìí, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń gbé wọn lọ: àwọn ọmọ ìlú nígbà ọdún Òkè, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó ń gbàdúrà lẹ́bàá àpáta tí àwọn oníṣẹ̀ṣe ń bọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì lé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi ti ń gbọ̀n. Mo bi amọ̀nà wa bí àwọn obìnrin ìgbà náà ṣe ń pọnmọ gun ibí yìí, nígbà tí kò sí àkàsọ̀.

“Màmá,” ó ní, “ogun ló ń lé wọn bọ̀.”