Osùn, Àtíkè àti Ojú Ìyá Àgbà

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, "Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí." Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú òwe yìí tí ó yẹ kí a fi etí sí, èyíinì ni "rí". Ó ń sọ fún wa pé oge jẹ́ ohun tí arúgbó ti ṣe kọjá, pé kò kan án mọ́. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ bi ìtàn léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti rí nílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Lónìí, bí ìyá tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá fẹ́ ra ohun tí yóò fi tún ojú ṣe nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ìṣòro méjì ni ó sábà máa ń bá pàdé. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó wà lórí àtẹ ni a kò ṣe fún àwọ̀ rẹ̀. Èkejì ni pé a kò ṣe é fún ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn mìíràn, nígbà tí wọn kò rí àtíkè tí ó bá ojú mu, ti gbìyànjú láti yí ojú padà kí ó lè bá àtíkè mu, wọ́n sì ti ipa bẹ́ẹ̀ ba awọ ara wọn jẹ́. Èrò mi ni pé ìtàn lè fi orísun ìṣòro yìí hàn wá, àti pé ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nípa osùn kò jìnnà rárá sí ohun tí àwọn onímọ̀ nípa awọ ara ń kọ́ni lóde òní.

Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ti èwe nìkan

Kí a fi Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, títí lọ dé Ìjàgbà àti àwọn ìlú Ọ̀sẹ́, nítorí pé ibẹ̀ jẹ́ ibi tí ẹ̀ṣọ́ ara ti ní ọlá púpọ̀. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Láàjà ní ìlú Ọ̀wọ̀, ó sì hú àwọn ère alámọ̀ jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ kà sí iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Lára àwọn àfọ́kù ère wọ̀nyí ni a ti rí bí àwọn ará ìgbà náà ṣe ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ. Àwọn tí ó mọ wọ́n fi ara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ náà bí wọ́n ti ṣe ti ojú.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu so Igbó Láàjà yìí kan náà mọ́ Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba arẹwà tí Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n gbé níyàwó. Èèwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní ó ní: a kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ mú kí a tẹ èèwọ̀ náà lójú. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n bínú lọ, ọ̀já rẹ̀ nìkan ni ó sì fi sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń ṣe ọdún Ìgógo, nínú èyí tí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ń di irun, tí ó ń wọ iyùn, tí ó sì ń múra bí obìnrin. A kì í lu ìlù nígbà ọdún náà. Agogo ni a ń lù. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ yìí kì í ṣe ọmọge. Ọba ni, olórí àgbà ìlú. Ẹ̀ṣọ́ níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rọ̀ èwe bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ipò àti ìrántí. Ibi tí irú àṣà bẹ́ẹ̀ bá wà, a kò lè sọ pé oge ti ré àgbà kọjá.

Iṣẹ́ tí osùn ń ṣe

Nínú gbogbo ohun ìkunra tí Yorùbá ní, osùn ni ó gba iwájú. Ara igi ni a ti ń rí i. Àárín igi náà pupa. A ó rẹ́ ẹ, a ó lọ̀ ọ́ tàbí kí a gún un kúnná, a ó fi omi pò ó, a ó sì mọ ọ́n ní ìṣù kí ó lè gbẹ. Nínú orúkọ igi yìí kan náà ni a ti fa orúkọ ìyẹ̀rosùn yọ, èyí tí babaláwo ń tẹ Ifá lé lórí ọpọ́n. Àwọn Òyìnbó pàápàá mọ iyì igi náà. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń rà á ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi pa aṣọ wọn láró pupa, títí aró tí a fi ọgbọ́n kẹ́mísìrì ṣe, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1856, fi gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Osùn wà fún ọmọ tuntun, ó wà fún ìyálọ́mọ, ó wà fún ìyàwó tí ń lọ sílé ọkọ, ó sì wà fún ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ mí lójú jù ni bí a ṣe ń lò ó. A kì í da osùn gbígbẹ sára lásán. Àdín tàbí òrí ni a fi ń pò ó. Òróró ni yóò kọ́kọ́ bọ́ awọ, yóò sì mú kí ó rọ̀. Pípọ́n osùn yóò wá tàn lórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, dúdú ara ẹni náà yóò sì máa hàn láti abẹ́ rẹ̀. Osùn kò bo ènìyàn mọ́lẹ̀, kò sì sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Èdè wa jẹ́rìí sí èyí. Ẹni tí ó dúdú tí ara rẹ̀ ń dán ni a ń pè ní adúmáadán. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ni a ń pè ní apọ́nbéporé. Yorùbá kò pe ẹni tí kò dúdú púpọ̀ ní ẹni funfun. Ẹni pupa ni a ń pè é. Dúdú àti pupa, èyí tí a fi epo ṣe àkàwé rẹ̀, ni ojú Yorùbá fi ń díwọ̀n awọ ènìyàn, dídán ni ó sì ń yìn lára àwọn méjèèjì. Ẹfun funfun wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn olóòṣà ni, pàápàá àwọn ọmọ Ọbàtálá. Ẹni tí ó kùn ún kò kùn ún kí ó lè di funfun.

Kí a má ṣe rò pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Tìróò tí a ń fi sí ojú a máa ní òjé nínú. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí ọmọ oṣù mẹ́fà kan, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí òjé inú tìróò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa yẹ ní yíyìn, ṣùgbọ́n ó yẹ ní yíyẹ̀wò pẹ̀lú.

Àtíkè dé

Ohun mìíràn ni àtíkè tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, kò ní òróró nínú, a sì ṣe é fún ojú tí ó ti funfun tẹ́lẹ̀ kí ó lè túbọ̀ funfun. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn obìnrin ọlọ́lá ti fi òjé funfun kun ojú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni a sì sọ pé ó pa Maria Gunning, arẹwà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kú ní ọdún 1760. Àwọn tí ó ni ín kò tilẹ̀ rí ire nínú rẹ̀.

Àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ dojú kọ ìṣòro àwọ̀ ní ìgbangba. Ní ọdún 1898, Anthony Overton dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Kansas City, ó sì kó o lọ sí Chicago ní ọdún 1911. Lára ọjà rẹ̀ ni àtíkè kan tí ó pè ní High-Brown, tí a ṣe fún ojú àwọn obìnrin dúdú. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò tẹ̀ lé e. Nígbà tí Max Factor gbé Pan-Cake jáde ní nǹkan bí ọdún 1937 fún àwọn òṣèré sinimá, àwọ̀ àwọn òṣèré funfun ni ó wà lọ́kàn wọn. Lára orúkọ ọjà yìí ni a ti rí "pàńkéèkì" tí gbogbo ọjà wa ń pè títí di òní. Lena Horne, olórin àti òṣèré dúdú, ròyìn bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ṣe àwọ̀ kan fún òun tí wọ́n sọ ní Light Egyptian, tí àwọn onísinimá sì wá fi kun ojú àwọn òṣèré funfun kí wọ́n lè ṣe ipa obìnrin aláwọ̀ dúdú, dípò kí wọ́n gbé ipa náà fún òun.

Ìdí tí pàńkéèkì ìgbà náà kò fi bá wa mu kò ṣòro láti mọ̀. Titanium dioxide ni ó ń fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní funfun. Ìpẹtà irin oríṣi mẹ́ta, pupa, pupa rúsúrúsú àti dúdú, ni ó ń fún un ní àwọ̀ yòókù. Bí funfun bá pọ̀jù, ojú ènìyàn dúdú yóò dà bí ẹni pé a bu eérú sí i. Ti àgbà wá burú ju ti èwe lọ. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, òróró inú awọ a dín kù, awọ a sì gbẹ. Ìyẹ̀fun gbígbẹ yóò mu ìwọ̀nba omi tí ó kù, yóò sì tò sínú gbogbo ibi tí ojú ti hunjọ. Ohun tí ìyá náà rà láti fi dín ọjọ́ orí kù ni yóò wá máa kéde rẹ̀.

Ojú tí a fẹ́ yí padà

Nígbà tí àtíkè kò yí padà, àwọn kan pinnu láti yí ojú padà. Bíbóra ni a ń pè é. Fẹlá Aníkúlápó Kútì bá a wí nínú orin Yellow Fever ní ọdún 1976, ṣùgbọ́n orin kò pa ọjà náà. Màkúrì àti hydroquinone ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìpara wọ̀nyí. Màkúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone, bí a bá lò ó pẹ́, a máa sọ ojú di dúdú kíríkírí, èyí tí ó jẹ́ òdì kejì ohun tí a ń wá. Nítorí èyí ni South Africa fi fòfin dè é nínú ohun ìkunra ní ọdún 1990. Àwọn ìpara tí ó ní oògùn steroid nínú a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́, awọ àgbà sì ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Nínú Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò láti dín màkúrì kù nínú ohun ìkunra. Ní ọdún 2023 ni wọ́n tún pinnu pé kí ọdún 2025 jẹ́ òpin rẹ̀ pátápátá.

Àtíkè tí a ṣe fún wa

Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà fi ń yí padà. Ní ọdún 1973, John àti Eunice Johnson dá Fashion Fair sílẹ̀ ní Chicago fún àwọn obìnrin dúdú. Ní ọdún 1998, Tara Fela-Durotoye dá House of Tara sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 2017, Fenty Beauty gbé fáńdéṣọ̀n jáde ní ogójì àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún tiwọn. Ìṣòro àwọ̀ ti ń rọrùn. Ti ọjọ́ orí ni a kò tíì kà sí tó.

Ohun tí ó sì tọ́ kí ìyá àgbà ṣe lónìí, ọgbọ́n osùn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ti yí padà. Kí ó kọ́kọ́ fi ìpara tàbí òrí díẹ̀ bọ́ ojú, kí ó sì fún un ní àyè láti wọlé. Kí ó yan fáńdéṣọ̀n olómi tàbí èyí tí ó rọ̀ bí ìpara, kí ó jìnnà sí ìyẹ̀fun gbígbẹ àfi díẹ̀ níbi tí ojú ti ń dán jù. Kí ó má ṣe dán an wò ní ẹ̀yìn ọwọ́. Egbé àgbọ̀n ni kí ó kùn ún sí, níbi tí ojú ti pàdé ọrùn, kí ó sì jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí iná ilé ìtajà a máa tan ojú jẹ. Kí ó dúró díẹ̀ kí ó tó sanwó, nítorí àwọn mìíràn a máa dúdú sí i bí wọ́n bá ti gbẹ. Bí iwájú orí bá dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, bí ó ti sábà rí lójú àgbà, àwọ̀ méjì ni kí ó rà, kì í ṣe ìpara amúnibóra. Kí ó wo nọ́mbà NAFDAC lára rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó kùn ún fẹ́lẹ́, kí ojú rẹ̀ lè hàn lábẹ́ rẹ̀.

Orí ni à ń wọ̀n kí a tó rán fìlà. A kì í gbẹ́ orí nítorí fìlà. Bí ojú ti rí pẹ̀lú àtíkè nìyẹn. Mo wá ń rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, kí ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà yín. Ẹ bi wọ́n irú igi tí wọ́n ń lọ̀, irú òróró tí wọ́n fi ń pò ó, àti ọjọ́ tí wọ́n ń kùn ún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè ìlú yín gan-an, yálà ti Ọ̀wọ̀, ti Ìjàgbà tàbí ibòmíràn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dín kù lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó nílò rẹ̀ ń pọ̀ sí i.