Nígbà Tí Ẹran Afàyàfà Bá Wọ Ìgboro

Bí ejò bá wọlé ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, igi tàbí àdá ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń wá. Ní Ouidah, lórílẹ̀-èdè Benin, èèwọ̀ ńlá nìyẹn. Mọ́námọ́ná ni ejò tibẹ̀, kò lóró, òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Dangbe ló sì ni ín. Ilé òrìṣà náà dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà láàárín ìgboro. Àwọn ejò a máa jáde lọ wá oúnjẹ. Èyí tó bá yà sílé onílé, wọn á rọra gbé e padà.

Àṣà yìí ti pẹ́. Willem Bosman, oníṣòwò ẹrú láti ilẹ̀ Netherlands, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1704. Ó ní nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dé, wọ́n bá ejò kan nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn lóru, wọ́n pa á, wọ́n sì jù ú síta. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ìlú rí òkú rẹ̀, wọ́n pa àwọn àlejò náà, wọ́n sì dáná sun ẹrù wọn. Ó tún ròyìn pé lọ́dún 1697, ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ejò, ni ọba bá pàṣẹ kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀. Ojú àlejò ni Bosman fi wo ìlú náà, kò sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ jẹ́ ká mọ bí ọ̀rọ̀ ejò ṣe jinlẹ̀ tó níbẹ̀.

Lọ́dún 1727, Agaja ọba Dahomey ṣẹ́gun àwọn ará Ouidah. Ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Snelgrave, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun ń gbé ejò sókè, wọ́n ń ní kó sọ̀rọ̀ bó bá jẹ́ òrìṣà lóòótọ́. Kò fọhùn, wọ́n bẹ́ ẹ lórí, wọ́n sì jẹ ẹ́. Síbẹ̀, Dangbe kò parun.

Níbòmíràn, ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé ẹranko wọ̀lú. Ní oṣù Kejì ọdún 1935, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó yìnyín dà sí gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ ní Harlem, New York, rí ọ̀nì Amẹ́ríkà kan nínú rẹ̀. Wọ́n fi okùn fà á jáde, wọ́n sì fi ṣọ́bìrì lù ú pa. Ti Paris sàn jù: ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1984, àwọn panápaná mú ọmọ ọ̀nì ilẹ̀ Áfíríkà nínú gọ́tà nítòsí afárá Pont-Neuf, wọ́n sì fún un níbùgbé nílùú Vannes.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Maiduguri. Ìsédò Alau ya ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, omi bo ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, ó pa èyí tó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹran ibẹ̀, ó sì gbá ọ̀nì àti ejò lọ sáàárín àdúgbò. Àwọn aláṣẹ ọgbà náà ní láti kìlọ̀ fáráàlú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí ìsédò Ìtàpájì àti Ẹrọ̀ ní Èkìtì níbí, bí àgbàrá bá gba àdúgbò, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọdé wẹ̀ nínú rẹ̀.